Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Àyẹ̀wò Oorun, àti Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ìtọ́jú Èémí Tó Ń Dá Lójú Oorun

Ìwé èsì àyẹ̀wò oorun máa ń kún fún nọ́ńbà wẹ́wẹ́, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í yé ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ ìlera. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu dókítà kí wọ́n tó dìde: pé àìsàn náà le, tàbí pé kò tíì le. Gbólóhùn yẹn kò tó ẹni tó fẹ́ gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìwé náà ń sọ ni yóò lè béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, òun náà ni yóò sì mọ ìdí tó fi yẹ kí òun fara da àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìtọ́jú náà kì í rọrùn.

Àìsàn tí à ń sọ yìí ni àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea, ìyẹn ni kí èémí ẹni máa dá, tàbí kó máa dínkù gidigidi, léraléra lójú oorun. Oríṣi tó wọ́pọ̀ jù ni ti ọ̀fun tó ń dí. Bí ènìyàn bá ti sùn, iṣan ọ̀fun a dẹ̀, ahọ́n a sún sẹ́yìn, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà a sì pàdé. Àyà àti ikùn yóò máa tiraka láti mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọpọlọ a ta gìrì, ẹni náà a jí fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ọ̀fun a ṣí pẹ̀lú ìhanrun ńlá, oorun a sì tún gbé e lọ. Kò ní rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tó ń sùn tì í ló máa ń gbọ́ ọ. Oríṣi kejì kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ọ̀fun ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni kò pàṣẹ kí àyà mí. A máa ń rí i lára àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀, àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù, àti àwọn tó ń lo oògùn ìrora alágbára bíi morphine.

Nílé wa, ìhanrun kì í jọ àìsàn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á ní oorun onítọ̀hún dùn ni. Ẹni tó bá sì ń ta jí láàárín òru, tó ń wá èémí kiri bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ni wọ́n máa ń sọ pé ogun òru ń bá jà. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ dókítà pẹ̀lú àdúrà rẹ̀, nítorí àìsàn yìí máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, pàápàá èyí tí oògùn mẹ́ta kò tíì ká, àti pé ìtọ́jú rẹ̀ wà.

Irú àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe fún yín?

Kí ẹ tó wo nọ́ńbà kankan, ẹ wo òkè ìwé náà, kí ẹ mọ irú àyẹ̀wò tó jẹ́. Ọ̀kan wà tí aláìsàn yóò sùn mọ́jú ní ilé ìwòsàn. Wọn yóò lẹ wáyà mọ́ orí rẹ̀ láti mọ ìgbà tí ọpọlọ sùn, wọn yóò lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú, àgbọ̀n, àyà àti ẹsẹ̀. Wọn yóò de bẹ́líìtì mọ́ àyà àti ikùn láti mọ̀ bóyá ara ń tiraka láti mí. Wọn yóò fi rọ́bà tín-ín-rín sí ihò imú láti wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, wọn yóò sì ki ohun kan bọ orí ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò kejì ni èyí tí a ń gbé lọ sílé. Ohun tí a ń so mọ́ra níbẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ilé yìí kò ní wáyà orí, nítorí náà wọn kò mọ ìgbà tí ẹ sùn gan-an. Ìyàtọ̀ yìí lè yí orúkọ tí wọ́n fún àìsàn yín padà, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i nísàlẹ̀.

Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ

Wọ́n ń pè é ní AHI. Ó jẹ́ iye ìgbà tí èémí dá tàbí tí ó dínkù láàárín wákàtí oorun kan. Kí wọ́n tó ka ìdádúró kan, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ dínkù tó ìdá 90 nínú 100, fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 ó kéré tán. Kí wọ́n tó ka ìdínkù kan, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dínkù tó ìdá 30 nínú 100 fún iye àkókò kan náà, kí ọ́síjìn sì já wálẹ̀ tàbí kí ọpọlọ jí nítorí rẹ̀. Fún àgbàlagbà, AHI tí kò tó 5 kò ní wàhálà. 5 sí 14 ni wọ́n ń pè ní èyí tí kò le, 15 sí 29 ni ti ààárín, 30 lọ sókè ni èyí tó le.

Ti ọmọdé yàtọ̀ pátápátá. Bí AHI ọmọdé bá ti ju 1 lọ, dókítà yóò fojú sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọ yín, pàápàá ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, nítorí èémí tó ń dá lójú oorun wọ́pọ̀ láàárín wọn, àti pé ọ́síjìn tó ń já wálẹ̀ lóru ni ohun tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn tẹ̀. Ẹran tó ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí wọ́n ń pè ní tonsil, àti èyí tó wà lẹ́yìn imú ló sábà máa ń fà á lára ọmọdé. Yíyọ wọn ni ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ ń rò.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka èsì kan tí mo kọ fún àpẹẹrẹ. Ọkùnrin ẹni ọdún 52 kan sùn sí ilé ìwòsàn. Ìwé rẹ̀ sọ pé ìṣẹ́jú 452 ni ẹ̀rọ fi ń gba ìròyìn ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 371 ló fi sùn nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdá 82 nínú 100. Èémí rẹ̀ dá ní ìgbà 88, ó dínkù ní ìgbà 105, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 193. Bí a bá pín 193 sí wákàtí tó fi sùn, ìyẹn wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 11, AHI rẹ̀ jẹ́ 31.2. Wọn yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó le. Ká wá ní ẹ̀rọ ilé tí kò mọ ìgbà tó sùn ni ó lò lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rọ náà yóò pín 193 yẹn sí gbogbo ìṣẹ́jú 452, èsì rẹ̀ yóò sì di 25.6, wọn yóò sì kọ ọ́ pé àìsàn náà wà láàárín. Nǹkan kan kò yí padà lára ọkùnrin náà. Ìṣirò ló yí padà. Ní òótọ́, ti ẹ̀rọ ilé tilẹ̀ lè kéré sí 25.6, nítorí kò lè ka ìdínkù èémí tó jẹ́ pé ọpọlọ nìkan ló jí nítorí rẹ̀ tí ọ́síjìn kò já. Lórí ìwé ẹ̀rọ ilé, ẹ lè rí REI dípò AHI, ìdí nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ ilé bá sọ pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n tí ẹ ń hanrun, tí ẹni tó ń sùn tì yín ń rí i pé èémí yín ń dá, tí oorun sì ń kùn yín lọ́sàn-án, ẹ má ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ti ilé ìwòsàn. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹ̀rọ ilé dára láti fi sọ pé àìsàn wà, ṣùgbọ́n kò dára tó láti fi búra pé kò sí.

Ìṣirò tún lè yàtọ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn. Àwọn kan ń ka ìdínkù èémí bí ọ́síjìn bá ti já ní ìdá 3 nínú 100 tàbí bí ọpọlọ bá jí; àwọn mìíràn kì í kà á àfi bó bá já tó ìdá 4, ìlànà yìí sì ni Medicare, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ lé. Nọ́ńbà òru kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ di méjì. Bí ẹ bá ń fi èsì ọdún yìí wé ti ọdún mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìlànà kan náà ni wọ́n fi kà wọ́n.

Àwọn ìlà tí a kì í sábà wò

Ẹ wá ìlà tó ya AHI sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀. Ọkùnrin àpẹẹrẹ wa ní 48 nígbà tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ṣùgbọ́n 12 péré nígbà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èyí sọ pé fífẹ̀gbẹ́ sùn yóò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní mú un kúrò nínú àìsàn. Ẹ tún wo AHI ti REM, ìyẹn oorun àlá, nítorí ìgbà yẹn ni iṣan ara máa ń dẹ̀ jù. Àwọn kan wà, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, tó jẹ́ pé inú oorun àlá nìkan ni èémí wọn ti ń dá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lá àlá tó lóru àyẹ̀wò, nítorí pé ilẹ̀ àjèjì àti wáyà kò jẹ́ kó sùn dáadáa, AHI gbogbogbòò yóò kéré ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i nílé lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìlà ọ́síjìn, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa béèrè ṣáájú AHI. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀: ibi tí ọ́síjìn já wálẹ̀ dé, àti iye ìṣẹ́jú tó fi wà nísàlẹ̀ 90 nínú 100, èyí tí wọ́n máa ń kọ bíi T90. Ẹni méjì lè ní AHI 20, kí ọ́síjìn ẹnì kan máà ju 88 lọ sísàlẹ̀ kó sì padà lójú ẹsẹ̀, kí ti ẹnì kejì wà nísàlẹ̀ 90 fún wákàtí kan gbáko. Orúkọ àìsàn wọn dọ́gba lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọkàn àti ọpọlọ wọn kò jìyà bákan náà. Bí T90 bá pọ̀ tí AHI kò sì pọ̀, dókítà tún gbọ́dọ̀ wo ẹ̀dọ̀fóró, tàbí kó wò ó bóyá ọ̀rá ara ti pọ̀ débi pé kò jẹ́ kí àyà gbòòrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí ọ́síjìn tó kan àwa aláwọ̀ dúdú tààrà. Iná ni ohun orí ìka yẹn fi ń ka ọ́síjìn láti inú awọ ara, àwọ̀ dúdú sì lè ṣì í lọ́nà. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan tẹ̀ ẹ́ jáde nínú New England Journal of Medicine pé ọ́síjìn tó ti já wálẹ̀ tí ẹ̀rọ yìí kò sì rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta láàárín àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú ní ìfiwéra pẹ̀lú aláwọ̀ funfun. Bí ọ́síjìn yín bá wà ní bèbè lórí ìwé, ẹ rán dókítà létí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́.

Ẹ wò ó pẹ̀lú, mélòó nínú ìdádúró náà ni wọ́n kọ pé ó jẹ́ ti ọpọlọ, ìyẹn central. Bí ó bá jẹ́ 4 nínú 88 bíi ti ọkùnrin àpẹẹrẹ wa, kò sí ìṣòro. Bí ó bá ju ìdajì lọ, ìtọ́jú yóò yàtọ̀, dókítà ọkàn sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Oríṣi ẹ̀rọ tó ń ran èémí lọ́wọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ASV, èyí tí ìwádìí ọdún 2015 kan fi hàn pé ó mú ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fúnra rẹ̀ rà.

Ohun tí ìwé kò lè sọ

Ìwé náà kò mọ bí ọ̀sán yín ṣe rí. Ìbéèrè mẹ́jọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Epworth, tí dókítà Murray Johns gbé jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1991. Ó ń béèrè bóyá ẹ lè tòògbé bí ẹ bá ń kàwé, bí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ tó ń rìn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó fún ìkọ̀ọ̀kan ní 0 sí 3. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 10 lọ, oorun ọ̀sán yín ti pọ̀ jù. Ẹ kọ èsì yìí sílẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ẹ ó fi mọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan bóyá nǹkan ti yí padà.

Ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn ju gbogbo ènìyàn lọ. Bí oorun bá ń gbé yín nídìí ọkọ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn títí ìtọ́jú yóò fi mú un. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dán oorun wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni pé ẹni tí àìsàn yìí ń mú oorun àpọ̀jù bá lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, kó má sì wakọ̀ títí àmì náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń bẹ̀rù pé ìwé ìwakọ̀ wọn yóò lọ. Ẹni tó bá gba ìtọ́jú tó sì ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa sábà máa ń padà sídìí ọkọ̀.

Ìtọ́jú tó wà

Fún àìsàn tó wà láàárín tàbí tó le, ẹ̀rọ CPAP ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1981. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń fẹ́ ẹ gba inú rọ́bà wọ ìbòmú, agbára afẹ́fẹ́ náà a sì di ọ̀fun mú kó má baà pàdé. Kì í ṣe ẹ̀rọ ọ́síjìn. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn kan máa ń lọ ra ẹ̀rọ ọ́síjìn sílé. Ọ́síjìn nìkan kì í ṣí ọ̀fun tó ti dí.

Fún àìsàn tí kò le tàbí tó wà láàárín, oníṣègùn eyín tó mọ iṣẹ́ náà lè ṣe ike kan tí a ń fi sẹ́nu sùn, tó ń fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú. Dídín ara kù máa ń ran ẹni tó sanra lọ́wọ́, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí oògùn tirzepatide ní December 2024 fún àwọn àgbàlagbà tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí àìsàn yìí ti dé àárín tàbí tó le lára wọn. Iṣẹ́ abẹ náà wà fún àwọn kan. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún yín, ẹ jáwọ́ nínú ọtí alẹ́ àti oògùn amúnisùn tí dókítà oorun kò mọ̀ sí, nítorí wọ́n ń mú iṣan ọ̀fun dẹ̀ sí i.

Ríra ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ iná

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba wọn, ń yá aláìsàn ní ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni owó ti sábà máa ń jáde, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá tòkunbọ̀. N kò ní sọ pé kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, ní June 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ kó sì wọ ọ̀nà èémí. Ẹ wo orúkọ ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èkejì, agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n tò sínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó lò ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lọ láti 4 dé 20 lórí òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ wọn, dókítà yín ló sì gbọ́dọ̀ kọ iye tó bá yín mu sórí ìwé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún un tò.

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gba iná láti 100 dé 240 fóltì, nítorí náà ti Amẹ́ríkà lè ṣiṣẹ́ nílé, bí ara ádáptà iná rẹ̀ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tó kù ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ike omi gbígbóná tó ń rin afẹ́fẹ́ àti rọ́bà tó ń gbóná ló ń jẹ iná jù nínú ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá wà lórí bátìrì tàbí ínfátà, ẹ pa ooru rẹ̀, ẹ ó rí i pé bátìrì yóò pẹ́ gan-an sí i. Bí ẹ bá fẹ́ lo bátìrì tààrà láìsí ínfátà, ẹ wo ìdí ẹ̀rọ náà bóyá fóltì 12 ni tàbí 24, kí ẹ ra wáyà tó bá a mu. Ẹ dán an wò lọ́sàn-án kí ẹ tó gbára lé e lóru.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ yín, kò gbọdọ̀ sí nítòsí fèrèsé yàrá náà. Afẹ́fẹ́ yàrá ni CPAP ń fà, bí èéfín bá sì wọlé, ẹ̀rọ náà yóò fẹ́ ẹ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín ní gbogbo òru.

Omi tí ẹ ó máa bù sínú ike rẹ̀ ni distilled water láti ilé oògùn, kì í ṣe ti kànga, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀. Sísè kì í yọ ohun tó ń di pákápáká nísàlẹ̀ ike kúrò nínú omi. Ẹ dà á nù láràárọ̀. Lásìkò ọyẹ́, asẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà máa ń dọ̀tí kíákíá, ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìbòmú àti àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Bí ènìyàn bá pa CPAP tì, ìbòmú ló sábà máa ń fà á ju ẹ̀rọ lọ. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tó ń wọ ẹnu ihò imú, èyí tó bo imú, àti èyí tó bo imú pẹ̀lú ẹnu. Ẹni tó ń fẹnu mí lójú oorun yóò sábà nílò ìkẹta. Orí ìdùbúlẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́n wò, kí ẹ̀rọ sì wà ní títàn, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń yí padà bí a bá dùbúlẹ̀. Ẹ má ṣe fún okùn rẹ̀ le koko. Ó yẹ kí ìka méjì lè wọ abẹ́ okùn náà. Bí ó bá fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀, ó le jù, tàbí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yín mu. Irùngbọ̀n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò. Ẹni tó di irun tó ga sókè tàbí tó nípọn yóò ní láti tún okùn náà wọ̀n bí ó ti ń pààrọ̀ irun, fìlà sátínì lábẹ́ okùn kò sì burú. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ìbòmú ni èémí àmísóde ń gbà jáde. Ẹ kò gbọdọ̀ dí i.

Fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó fi sùn, ẹ máa wọ ìbòmú lọ́sàn-án bí ẹ bá ń gbọ́ rédíò, fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Ẹni tí ẹ̀rù ibi híhá ń bà ni èyí ń ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ lo bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó sì máa lágbára díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ẹ ti fà á yọ, ẹ wọ̀ ọ́n padà. Bí ẹnu bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ń jò gba ẹnu, ẹ wo ìbòmú ìkẹta yẹn tàbí kí ẹ jẹ́ kí ike omi rin afẹ́fẹ́ náà sí i. Bí imú bá dí, omi iyọ̀ tí wọ́n ń fín símú máa ń ṣe é lóore. Bí inú bá ń wú fún afẹ́fẹ́ tí ẹ gbé mì, ẹ pe dókítà kó tún agbára rẹ̀ wò, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ ìbòmú lójoojúmọ́, kí ẹ fọ rọ́bà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Wákàtí mélòó ló tó? Medicare ń béèrè wákàtí 4 lóru, fún ìdá 70 nínú 100 àwọn òru inú ọgbọ̀n ọjọ́ léraléra, láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ mọ̀ pé òfin owó nìyẹn, kì í ṣe òpin ohun tí ara nílò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sùn ni ọ̀fun lè dí. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2016, tí wọ́n pè ní SAVE, kò rí i pé CPAP dín ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù lára àwọn tó ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó lóru. Ó mú oorun ọ̀sán wọn dínkù, ó sì mú kí ayé dẹ̀ wọ́n lára. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù nítorí pé ó ti ra ẹ̀rọ.

Kíka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ

Ojú ẹ̀rọ náà, tàbí fóònù tó so mọ́ ọn, yóò máa sọ wákàtí tí ẹ lò ó, iye afẹ́fẹ́ tó jò, àti AHI tó kù. AHI tó kù yìí ni a fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 5. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òru kan ṣoṣo bà yín lọ́kàn jẹ́. Ẹ wo ti ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀. Bí ó bá ṣì ń ju 5 lọ, jíjò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá jò, tí nọ́ńbà náà kò sì wálẹ̀, ẹ gbé káàdì ẹ̀rọ náà lọ fún dókítà, nítorí ó lè jẹ́ pé agbára afẹ́fẹ́ kò tó tàbí pé ìdádúró ti ọpọlọ ti yọjú. Bí nọ́ńbà bá dára tí oorun ọ̀sán kò sì lọ, ẹ tún ìbéèrè Epworth ṣe, kí wọ́n wá ohun mìíràn: oorun tí kò tó, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ìbànújẹ́ ọkàn, tàbí oògùn kan tí ẹ ń lò.

Bí ẹ bá sanra sí i tàbí tí ẹ bá fọn púpọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí fún yín, ì báà jẹ́ ti eyín, ẹ sọ fún ẹni tó máa fún yín ní oògùn oorun pé ẹ ní àìsàn yìí kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ àti ìbòmú yín dání lọ sí ilé ìwòsàn.